Ẹ wo báwọn kọmándò ogun ṣe ń sọnù mọ́ aráàlú lọ́wọ́ láàárín Yábà, Múṣin àti Sùúrùlérè!

Ẹni tó bá wọ danfo ní Yábà, tó ń lọ sí Sùúrùlérè, kò ní í pẹ́ tó fi máa gbọ́ ọ lẹ́nu kọ̀ńdọ́: "Bárékè wà o! Bárékè! Ẹni tó bá ń bọ́ọ́lẹ̀ kó mú ṣéńjì ẹ̀ dání!" Bí mọ́tò bá dúró, àwọn èèyàn á fò bọ́ọ́lẹ̀, kálukú á sì gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ. Ẹlẹ́pà ń polówó, ọmọ tó ń ta búrẹ́dì ń sáré tẹ̀lé mọ́tò, ọkùnrin tó ń ta ṣájà fóònù na ọwọ́ wọlé látojú fèrèsé. Bó ṣe máa ń rí láàárọ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí lálẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pe ibẹ̀ ní Bárékè, débi pé kò sẹ́ni tó ń bèèrè mọ́ pé kí lorúkọ bárékè ọ̀hún gan-an, ogun wo ló sì sọ ọ́ lórúkọ.

Abalti ló ń jẹ́. Kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Haúsá, kì í ṣe Ìgbò, kì í sì í ṣe orúkọ òyìnbó kankan. Abúlé kan nílẹ̀ Ethiopia ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, lẹ́bàá odò ńlá kan tó ń jẹ́ Omo. Nínú oṣù kẹfà, ọdún 1941, lásìkò ogun Hitler, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà dé etí odò náà. Òjò ti mú kó kún àkúnya, àwọn ṣọ́jà Ítálì sì wà lódì kejì pẹ̀lú ìbọn. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí sọdá odò ọ̀hún, wọ́n sì gba ibẹ̀. Bí orúkọ abúlé tó wà lọ́nà jíjìn réré ṣe wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Sùúrùlérè nìyẹn o.

Ẹ padà sí Yábà, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Bárékè kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Marda. Ọ̀nà tóóró kan láàárín òkè ni Marda jẹ́, ó wà nítòsí ìlú Jijiga nílẹ̀ Ethiopia kan náà. Ìparí oṣù kejì, 1941, ni wọ́n gba Mogadishu lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì. Kí oṣù kẹta tó parí, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti rin ìrìn tó lé ní ẹgbẹ̀ta máìlì, wọ́n ti gba Jijiga, wọ́n ti já Marda gbà, wọ́n sì ti wọ ìlú Harar. Bárékè mìíràn tún wà ní Yábà tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní Myoung. Myohaung ni wọ́n fẹ́ pè. Ìlú àtijọ́ kan ní Burma ni, tí wọ́n ń pè ní Mrauk U lónìí. Oṣù kìíní, ọdún 1945, ni àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Japan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Dodan ní Ìkòyí, Arakan ní Àpápá, Letmauk n'Ìbàdàn. Orúkọ ogun ni gbogbo wọn. Ohun tó wá ń dunni níbẹ̀ ni pé, orúkọ ibi tí wọ́n ti jà kò parẹ́, àwọn tó lọ jà á ni kò sẹ́ni tó mọ̀ mọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ní ti àwọn ṣọ́jà yìí, wọ́n kú tán, wọn ò tún dère.

Ẹni tó bá ṣe tán láti wá wọn, ibojì Àtán ní Yábà ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo Èkó ló mọ Àtán. Ìdílé tí kò tíì sin òkú síbẹ̀ rí, kò pọ̀ láàárín àwọn tó ti pẹ́ ní Mainland. Òkú sún mọ́ òkú, sàréè kan fẹ̀gbẹ́ ti òmíràn, èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹ orí òkú kó tó dé ibi tó ń lọ. Láàárín wọn làwọn sàréè ṣọ́jà ogun Hitler wà, èyí tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ibojì àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn ilẹ̀ tí wọ́n jọ jà káàkiri àgbáyé. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ kì í ga. Orúkọ ṣọ́jà, nọ́ńbà ẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà àti ọjọ́ tó kú ló máa ń wà lára ẹ̀. Ìlà mẹ́rin péré! Ṣùgbọ́n ìlà mẹ́rin yẹn, ọ̀pọ̀ ṣọ́jà tó kú sílé lẹ́yìn ogun ni kò ní in.

Kò jìnnà sí Àtán ni ọsibítù àwọn ṣọ́jà wà ní Yábà, èyí tí wọ́n ń pè ní 68 Nigerian Army Reference Hospital. Bí èèyàn bá sì gba ọ̀nà Ìkòròdú lọ díẹ̀, ó dé Ìgbóbì. Ìgbóbì tí gbogbo ayé mọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń to eegun, tó jẹ́ pé bí mọ́tò bá gbá èèyàn, orúkọ ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu àwọn ẹbí, àwọn ṣọ́jà tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun Hitler ni wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó wọn bọ̀ wálé. Ní 1945 ló di ọsibítù. Ẹni tí wọ́n bá tò lẹ́sẹ̀ níbẹ̀ lónìí, tó tún padà ń rìn geere, ogún ibà àwọn ọmọ Burma ló ń jẹ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kọmándò ńkọ́? Tí wọ́n bá dárúkọ kọmándò nílẹ̀ yìí, ogun Biafra ló máa ń wá sọ́kàn èèyàn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn ṣáájú. Ní 1944, ọ̀gágun òyìnbó kan, Orde Wingate, kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan jọ tí wọ́n ń pè ní Chindit. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n wọ ẹ̀yìn ọ̀tá lọ nínú igbó Burma, kí wọ́n máa já ọ̀nà tí oúnjẹ àti ọta ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Japan. Bátálíọ̀n mẹ́ta láti Nàìjíríà wà nínú wọn, ìkẹfà, ìkeje àti ìkejìlá. Ọkọ̀ òfuurufú ló gbé wọn sọ sínú igbó, ọkọ̀ òfuurufú náà ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn látòkè, ìbaaka ló sì ń bá wọn ru ẹrù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin yẹn kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí láyé wọn.

Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́rin àtààbọ̀, ìyẹn 90,000, ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ sí Burma. Mélòó nínú wọn ló ní ìtàn tí èèyàn lè kà? Wọn ò pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fádoyèbọ̀, ọmọ Emùré-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ ṣọ́jà ní 1942, iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Nínú oṣù kẹta, 1944, àwọn ará Japan ká wọn mọ́ létí odò Kaladan ní Burma. Ìbọn ba Fádoyèbọ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì tún bà á níkùn. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, ló ṣẹ́kù sínú igbó láìlè rìn. Àgbẹ̀ kan, Mùsùlùmí ará ibẹ̀, tó ń jẹ́ Shuyiman, ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn níkọ̀kọ̀, tó tún wá kó wọn wọ inú ilé ara ẹ̀. Bí àwọn ará Japan bá ká wọn mọ́ ibẹ̀, pípa ni wọn ì bá pa tòun tìyàwó tọmọ. Bí ogún ṣe ń lọ, bí ogún ṣe ń bọ̀, wọ́n wà níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, kí àwọn ọmọ ogun tiwọn tó padà dé ní oṣù kejìlá.

Fádoyèbọ̀ padà sílé, ó rí iṣẹ́ ìjọba, ó bímọ, ó dàgbà. Kò sẹ́ni tó kọrin fún un. Àmọ́ ohun kan wà tí bàbá yìí ṣe tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ kò ṣe: ó jókòó, ó mú gègé, ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìwé tó kọ yẹn rìn jìnnà ju ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ. Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Oníròyìn kan, Barnaby Phillips, kà nípa ẹ̀, ó wá a dé Nàìjíríà, ó gba lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì gbé e lọ sí Burma, ó wá ilé Shuyiman rí. Ẹ gbọ́ ná, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn o! Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀ wà láyé, wọ́n sì gba lẹ́tà náà. Fádoyèbọ̀ jáde láyé ní 2012. Ní 2014, ìwé tí Phillips kọ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀ jáde. Tí kì í bá ṣe pé bàbá yẹn kọ̀wé, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n lónìí? Ta ni ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ Shuyiman?

Irú ẹ̀ náà ni ti Biyi Bandele, òǹkọ̀wé tó kú l'Ékòó ní 2022. Bàbá ẹ̀ jagun ní Burma, àwọn ìtàn tí bàbá náà ń sọ nílé ló sì wọ ọmọ lára tó fi kọ ìwé Burma Boy ní 2007. Bàbá sọ, ọmọ tẹ́tí. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ká wá dé orí ogun tó sún mọ́lé. Nígbà tí ogun Biafra bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje, 1967, gbogbo ọmọ ogun tí Nàìjíríà ní kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Nígbà tí ogun fi máa parí ní oṣù kìíní, 1970, wọ́n ti di nǹkan bí 250,000. Láti ibo ni gbogbo wọn ti wá? Láti ìgboro ni. Telọ̀ ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ọmọ mẹkáníìkì ju spánà, ọmọ iléèwé pa ìwé dé, wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀. Àwọn mìíràn kò sọ fún ìyá wọn. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ kó gba oṣù púpọ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é fún ọ̀pọ̀ wọn, ó di ojú ogun. Níbi tí wọ́n bá ti ń kánjú gba èèyàn tó bẹ́ẹ̀, ìwé kì í gún régé. Wọ́n lè kọ orúkọ ẹnì kan sódì, kí wọ́n kọ orúkọ bàbá ẹlòmíràn sípò tiẹ̀, kí wọ́n kàn fojú bu ọjọ́ orí fún ẹ̀kẹta. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sódì lè di ohun tó ń dá owó ìfẹ̀yìntì dúró.

Àwọn ọmọ ogun tó wà l'Ékòó ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ kẹta, èyí tó wá di Third Marine Commando. Ọ̀gá wọn ni Benjamin Adésànyà Májà Adékúnlé, ẹni tí ayé ń pè ní Black Scorpion, ìyẹn Àkeekèé Dúdú. Ogbómọ̀ṣọ́ ni bàbá ẹ̀ ti wá, ìyá ẹ̀ jẹ́ Bachama láti apá Òkè Ọya, Kaduna ni wọ́n sì ti bí i ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, 1936. Nínú oṣù keje, 1967, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ gba orí omi lọ, wọ́n gba Bonny. Nínú oṣù kẹwàá wọ́n gba Calabar. Nínú oṣù karùn-ún, 1968, wọ́n gba Port Harcourt. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, wọ́n ti wọ Aba àti Owerri. Lẹ́yìn èyí ni nǹkan yí padà. Àwọn Biafra gba Owerri padà ní oṣù kẹrin, 1969, nígbà tó sì di oṣù karùn-ún, wọ́n gba ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ Adékúnlé, wọ́n gbé e fún Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Lábẹ́ Ọbásanjọ́ ni ogun náà ti parí.

Orúkọ Adékúnlé dùn lẹ́tí àwọn kan, ó korò lẹ́tí àwọn mìíràn. Àwọn ará Èkó ń yìn ín bí akọni. Àwọn Ìgbò tó wà lábẹ́ ìgbóná ogun, àtàwọn òyìnbó tó ń wo fọ́tò àwọn ọmọdé tí ebi ń pa, ohun mìíràn ni wọ́n ń rí. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ fáwọn oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè ní 1968 kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ní ọdún 1968 yẹn kan náà, wọ́n yìnbọn pa ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá kéékèèké ẹgbẹ́ náà níṣojú kámẹ́rà àwọn òyìnbó, nítorí pé ó yìnbọn pa ọmọ Ìgbò kan tí wọ́n ti mú. Gbogbo èyí ló yẹ kó wà nínú ìtàn. Ìtàn tí wọ́n bá yọ èyí tó dunni kúrò nínú ẹ̀, oríkì ló dà, kì í ṣe ìtàn mọ́.

Wọ́n fẹ̀yìn Adékúnlé tì ní 1974. Ó gbé ogójì ọdún sí i láyé, ó kú l'Ékòó ní ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án, 2014. Kó tó kú, ọmọ ẹ̀, Abíọ́dún, ti kó àwọn lẹ́tà ogun ẹ̀ jọ, wọ́n sì di ìwé ní 2004. Ọbásanjọ́ ti kọ My Command ní 1980. Ọ̀gágun Godwin Alábí-Isama, tó jẹ́ igbá-kejì pàtàkì nínú ẹgbẹ́ náà, kọ The Tragedy of Victory ní 2013, ó kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò sínú ẹ̀, ó sì ta ko ọ̀pọ̀ ohun tí Ọbásanjọ́ sọ. Àwọn ọ̀gá ń bá ara wọn jà nínú ìwé títí dòní, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé níbi tí ẹni méjì bá ti ń jiyàn ni ará ìta ti ń rí òótọ́ he.

Àní sẹ́, àwọn ọ̀gá nìyẹn! Isaac Boro pàápàá, ọmọ Ijaw tó bá ẹgbẹ́ yìí jà tó sì kú sójú ogun ní oṣù karùn-ún, 1968, ibojì Ìkòyí ni wọ́n sin ín sí. Ní 2013, àwọn èèyàn ẹ̀ wá hú eegun ẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé ní Yenagoa, wọ́n sin ín tiyìtẹ̀yẹ. Ó ní èèyàn tó rántí ẹ̀. Àwọn kọ́rípúrà ńkọ́? Àwọn tó ń se oúnjẹ, àwọn awakọ̀, àwọn tó ń tu ọkọ̀ ojú omi, àwọn tó gbé òkú ọ̀rẹ́ wọn kọjá nínú ẹrẹ̀? Ìwé wo ni tiwọn?

Àwọn yẹn ló fọ́n ká sáàárín Múṣin, Sùúrùlérè àti Yábà lẹ́yìn ogun. Òmíràn di mègádì, òmíràn di awakọ̀, òmíràn ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Nínú ilé fésì-mi-ń-fésì-ẹ ní Ìdí-Òro tàbí Ọlọ́ṣà, kò ṣòro kí kọmándò àtijọ́ máa gbé yàrá tó kọjú sí yàrá ẹni tó jà fún Biafra. Wọ́n jọ ń tò sídìí omi, wọ́n jọ ń pín owó iná, ọmọ wọn jọ ń lọ síléèwé. Bí wọ́n bá ti jókòó ta ayò lálẹ́, wọn kì í dárúkọ ogun. Ìyẹn dára fún àlàáfíà ilé, ṣùgbọ́n kò dára fún ìtàn, nítorí ìtàn méjèèjì ló ń bá wọn lọ sọ́run.

Ohun mìíràn tún wà tó mú kí àwọn èèyàn Mainland máa yẹra fún ọ̀rọ̀ ṣọ́jà. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì, 1977, àwọn ṣọ́jà láti Abalti ya bo ilé Fẹlá, Kalakuta, ní ọ̀nà Àgége Motor Road. Wọ́n lu èèyàn bí ẹni lu bàrà, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n ju ìyá Fẹlá, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, látojú fèrèsé òkè. Ìyá náà kò gbádùn mọ́, ó kú ní oṣù kẹrin, 1978. Nígbà tí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ dìde, wọ́n ní ṣọ́jà tẹ́nikẹ́ni kò mọ̀ ló ṣe é. Ẹ ò rí nǹkan! Ṣọ́jà tí a kò mọ̀, tó jẹ́ orúkọ ọlá tí gbogbo ayé fi ń bu iyì fún ẹni tó kú sójú ogun, òun ni wọ́n wá fi bo ẹni tó dáná sunlé lójú. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá dárúkọ Abalti, iná Kalakuta làwọn ará Ìdí-Òro máa ń rántí, wọn kì í rántí odò Omo. Èèyàn ò lè bá wọn wí. Síbẹ̀, ẹni tó sọdá odò ní 1941 kọ́ ló dáná sunlé ní 1977.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dé báyìí ni pé ọjọ́ ti ń lọ. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1967, ó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, bí kò bá tíì pé e. Bí bàbá bẹ́ẹ̀ bá kú ní Sùúrùlérè, ohun tó máa ń tẹ̀lé e kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń gbé Èkó. Wọ́n á ṣe ẹjọ́, wọ́n á dá aṣọ ẹbí, wọ́n á gba gbọ̀ngàn. Lẹ́yìn ìnáwó, wọ́n á ní kí yàrá bàbá ṣófo, wọ́n fẹ́ fi háyà. Ìgbà yẹn ni wọ́n á fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́líìtì àtijọ́ wà níbẹ̀, fìlà tí kòkòrò ti jẹ, mẹ́dà tó ti dípẹtà, fọ́tò àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n dúró síwájú mọ́tò ṣọ́jà, àti ìwé pélébé kan tó ti pọ́n. Ẹ̀gbọ́n á ní, "Kí lèyí wà fún?" Àbúrò á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o dànù." Bẹ́líìtì lọ sọ́dọ̀ onígbáǹjo, mẹ́dà di ohun tọ́mọdé fi ń ṣeré. Ìwé ńkọ́? Ó di ohun tí alákàrà fi ń di àkàrà.

Ìwé pélébé yẹn ló ń jẹ́ ìwé ìdásílẹ̀. Nọ́ńbà ṣọ́jà wà nínú ẹ̀, ọjọ́ tó wọṣẹ́, ọjọ́ tó kúrò, ẹgbẹ́ tó wà àti ipò tó dé. Láìsí nọ́ńbà yẹn, bí ẹbí bá lọ sílé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun láti bèèrè ẹ̀tọ́ olóògbé, ṣe ni wọ́n á máa lọ, tí wọ́n á máa bọ̀. Opó tó ti lé láàádọ́rin ọdún á máa gun mọ́tò káàkiri nítorí ohun tí wọ́n fi di àkàrà. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn nìkan lèyí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni.

Ohun tó yẹ kí ẹbí ṣe kò le, kò sì náni lówó púpọ̀. Bí bàbá bá ṣì wà láyé, kí ọmọ kan jókòó tì í lọ́jọ́ Àìkú, kó gbé fóònù kalẹ̀ kó máa gba ohùn wọn sílẹ̀. Kó má ṣe bi wọ́n pé èèyàn mélòó lẹ pa. Kó bi wọ́n pé níbo lẹ ti forúkọ sílẹ̀, ta lọ̀gá yín, ta lẹ jọ ń sùn nínú kòtò, oúnjẹ wo lẹ ń jẹ, ta ni kò bá yín padà wálé. Kó jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, ní èdè tó bá yọ̀ wọ́n lẹ́nu. Bí wọ́n bá sunkún, kó dúró. Kó mú fọ́tò jáde, kó fi pẹ́ńsù kọ orúkọ olúkúlùkù sẹ́yìn ẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì wà. Kó ṣe fọ́tókọ́pì ìwé ìdásílẹ̀, kó tọ́jú ojúlówó sínú ọ̀rá tómi kò lè wọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ní Múṣin ni omi òjò ń wọ̀. Àwọn tó sì fẹ́ kí ẹ̀dà kan wà níta, National Library wà lọ́nà Herbert Macaulay ní Yábà, Yunifásítì Èkó sì wà ní Akoka níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn. Kò jìnnà. Danfo kan ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé orí òfo ni èyí. Àwọn tó wà lódì kejì ogun náà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tiwọn ní Umuahia láti 1985, níbi tí èèyàn ti lè rí àwọn ohun ìjà tí Biafra ṣe fúnra wọn, àti ọkọ̀ ojú omi ológun NNS Bonny. Ọmọ iléèwé tó bá lọ síbẹ̀ á fojú rí nǹkan. Ọmọ iléèwé ní Sùúrùlérè, orúkọ bárékè nìkan ló ní, kò sì mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìíní, ni wọ́n máa ń ṣe ìrántí àwọn ológun nílẹ̀ yìí lọ́dọọdún. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá, ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe é. Nígbà tó yá ni wọ́n gbé e sí ọjọ́ tí àwọn Biafra wá fọwọ́ síwèé ní Dodan Barracks ní 1970 pé ogun ti parí. Lọ́jọ́ náà, gómìnà á gbé òdòdó sílẹ̀, wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á dá ẹyẹlé sílẹ̀ kó fò lọ. Àwọn bàbá arúgbó tó kù á wọ fìlà àti mẹ́dà wọn, wọ́n á dúró nínú oòrùn. Bí ètò bá parí, wọ́n á wọ mọ́tò padà sí Mainland bíi gbogbo èèyàn.

Bí ẹ bá wà nínú danfo lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, tí bàbá kan tó ní mẹ́dà láyà bá ń bọ́ọ́lẹ̀ ní Bárékè, ẹ bá a di ọwọ́ mú, kẹ́ ẹ ní kí kọ̀ńdọ́ má kánjú. Bí ó bá sì ṣe é ṣe, ẹ béèrè orúkọ wọn.